Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Lọ́yà Lẹ́ẹ̀kejì

Gbogbo ẹni tó bá pè mí láti ilé ló kọ́kọ́ máa ń béèrè òtútù. Mo gbà, òtútù Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ẹ̀wù wà fún ìyẹn. Ohun tí kò sí ẹ̀wù fún ni irú nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí ọ̀gá mi obìnrin, ó rò pé nǹkan mi ló já bọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá mi wá a. Bí àwa méjèèjì ṣe wà lórí kápẹ́ẹ̀tì nìyẹn, tí à ń wá ohun tí kò sọnù. Helen lorúkọ rẹ̀, ó sì ní kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ! Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè ṣe é. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mo máa ń lọ dúró síbi tó ti lè rí mi, màá wá wúkọ́.

Lọ́yà ni mí kí n tó kúrò nílé. Kì í ṣe irú lọ́yà ńlá tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n o. Ọ́fíìsì wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òṣòdì, kò jìnnà sí ojú irin, débi pé tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, a máa dúró lórí gbólóhùn tá a bá wà títí yóò fi lọ tán. Àwọn tó ń ta aṣọ, àwọn tó ń ta bàtà, onílé àti ayálégbé tí wọn ò gbọ́ra wọn yé mọ́, àwọn ni oníbàárà wa. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Oníbàárà á jókòó, á ṣàlàyé díẹ̀, lọ́yà á wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́yà tó bá dákẹ́ lójú oníbàárà ní Òṣòdì, wọ́n á ní kò mọ̀wé. Tó bá wá ń sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ bá oníbàárà rẹ̀ wí, á fi ibi tóun náà ti ṣàṣìṣe hàn án, kó tó jáde lọ gbèjà rẹ̀. Bí bàbá àti ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ nìyẹn, n kò sì rí oníbàárà tó tìtorí ẹ̀ kó ẹjọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wa. Púpọ̀ nínú ẹjọ́ wa kì í dé kóòtù. A máa ń bẹ̀ wọ́n, a máa ránṣẹ́ pe ẹnì kejì, a máa ra mínírà tútù fún wọn, wọ́n á sì jọ sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá mi níbẹ̀ máa ń sọ pé ẹnu mi lè mú kí ìyàwó àti ìyálé jọ máa dáná nínú ìkòkò kan.

Nígbà tí mo dé ibí, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí mi dára púpọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kí ẹnikẹ́ni tó lè pè mí ní agbẹjọ́rò. Títí dìgbà náà, iṣẹ́ mi ni kí n máa to ìwé ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn, kí n máa gbé tíì fún àwọn tó wá rí agbẹjọ́rò gidi. Apá kan ìdánwò náà jẹ́ ti ìwé kíkà, ìyẹn ò sì bà mí lẹ́rù. Apá kejì ni ti ọgbọ́n iṣẹ́. Wọ́n á háyà eléré kan, á ṣe bí oníbàárà, á jókòó sínú yàrá kékeré, ìwọ á wọlé lọ bá a láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Eléré yẹn fúnra rẹ̀ ló máa fún ẹ ní máàkì. Ẹ̀rín ni mo fi rín nígbà tí mo gbọ́. Ẹjọ́ gbígbọ́ ni wọ́n fẹ́ fi dán èmi ará Òṣòdì wò?

Bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n gbé síwájú mi. Ó ní ọmọ òun obìnrin ti ta ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí òun fọwọ́ ara òun kàn, kò gbàṣẹ, kò sì tọrọ àforíjì. Ó fẹ́ mọ ohun tí òfin lè ṣe sí i. Mo kọ́kọ́ bi í bóyá ó fi sùúrù bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní rárá, inú ló bí òun. Mo ní àbí ẹ ò rí nǹkan. Mo fi yé e pé inú bíbí kò yẹ àgbà, pé ọmọ yìí náà ló máa tọ́jú rẹ̀ tí kò bá lágbára mọ́, pé igi lásán ni ọkọ̀. Mo ní kó dárí jì í. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà ọmọ náà kí n bá a sọ̀rọ̀. Bàbá náà la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò mí, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ ọ́ lára. Àkókò tí wọ́n fún wa kò tíì pé tí mo ti parí ìjà. Mo jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, mo sì ra búrẹ́dì aládùn fún ara mi lójú ọ̀nà.

Mo fìdí rẹmi. Mo yege nínú ti ìwé kíkà, ṣùgbọ́n nínú ti oníbàárà, eléré náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùdíje yìí ṣiṣẹ́ takuntakun fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ń bá jà. Helen kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àfìgbà tó rí ojú tèmi ló tó dákẹ́. Ó wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún mi. Ọ́fíìsì lè dúró fún mi di ìdánwò tó ń bọ̀. Tí mi ò bá tún yege, àyè tí wọ́n fi gbà mí máa tán, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́ kí n gbélùú náà máa tán pẹ̀lú rẹ̀, màá sì padà sílé. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Màmá ti sọ fún gbogbo Jakande, ẹ́sítéètì tí a ń gbé l'Ékòó, pé lọ́yà ni mí ní ìlú ọba. Ó ti sọ ọ́ ní ìjọ rẹ̀ ní Ire-Akari pẹ̀lú, wọ́n sì ti ṣe ìdúpẹ́ lé e lórí.

Ní àkókò yẹn ni mo wọ súwẹ́tà mi ní òdì lọ sí ibi iṣẹ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo jókòó láàárín èrò, mo ṣiṣẹ́ títí dìrọ̀lẹ́, mo tún wọ bọ́ọ̀sì padà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Inú dígí ilé ìwẹ̀ mi ni mo ti rí i. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú o, wọ́n kàn gbà pé ọ̀rọ̀ ara mi ni. Ní Jakande, mi ò ní tíì jáde ní bílọ́ọ̀kù wa tí ẹnìkan á ti fà mí sẹ́yìn, á bọ́ ọ fún mi, á sì bi mí bóyá orí mi pé. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú súwẹ́tà náà lọ́wọ́, àárò ìbáwí ń sọ mí. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ṣe àárò irú ẹ̀. Mo wá rí i pé kì í ṣe ilé tí mo kọ́, kì í ṣe ilẹ̀ tí mo rà ló ń jẹ́ kí ibì kan jẹ́ tèmi. Ibi tí wọ́n ti lè bá mi wí láì kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti jẹ́ ara wọn.

Nígbà tí mo sọ ti ìdánwò fún Màmá, kò bá mi sunkún. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn kó máa ṣètò. Ó bi mí pé ṣé oníbàárà ni mo ń wá, pé ṣé mo ti gbàgbé pé Jakande kún fún ẹjọ́ ni. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday, Màmá á gbé fóònù rẹ̀ ka orí tábìlì, á ṣí fídíò, á sì máa pe àwọn ará bílọ́ọ̀kù wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá ṣe oníbàárà fún mi. Ìjókòó wà ní kọ́rídọ̀ fún àwọn tó ń dúró. Ọkùnrin kan fẹ́ pe àkùkọ aládùúgbò rẹ̀ lẹ́jọ́. Obìnrin kan fẹ́ mọ̀ bóyá òfin lè mú ẹni tó gba ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Helen ti kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n ṣe. Mi ò gbọ́dọ̀ bá wọn wí, mi ò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀ wọ́n. Kí n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n pa ẹnu mọ́, kí n wá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Inú àwọn oníbàárà mi kò dùn sí i rárá. Ẹni tó ni ẹjọ́ àkùkọ bínú kúrò lórí àga, ó ní òun wá gba ìmọ̀ràn, ìbéèrè ni mò ń bi òun bí ọlọ́pàá. Màmá fúnra rẹ̀ máa ń yọjú sínú fídíò láti ẹ̀gbẹ́, á ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, pé wọ́n ń sọ níta pé òkè òkun ti bà mí lọ́pọlọ jẹ́. Ká má parọ́, mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Mo lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá yá, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, màá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Ìyá Bọ́lá pè mí, òun nìkan, Màmá ò sí níbẹ̀. Òkè pátápátá ni Ìyá Bọ́lá ń gbé nínú bílọ́ọ̀kù wa, Màmá ń gbé ìsàlẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ń ta bàtà ọmọdé ní Òṣòdì. Mo rò pé ìdánrawò la fẹ́ ṣe. Mo kí i, mo ní kó sọ ẹjọ́ rẹ̀.

"Màmá ẹ ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́," ó wí.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní mo mọ géètì onírin tí wọ́n fi sí ìdí àtẹ̀gùn bílọ́ọ̀kù wa nítorí olè. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ní mo mọ̀ pé Màmá nìkan ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, torí òun ló dàgbà jù. Mo mọ ìyẹn náà. Ó ní ìdájí ni àwọn tó ń ra bàtà ní ọ̀pọ̀ máa ń wá sí Òṣòdì, òun sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn Màmá kí òun tó lè jáde. Màmá á jáde wá, á di kọ́kọ́rọ́ mú, kò sì ní ṣí i títí yóò fi gbàdúrà fún òun tán.

"Kì í ṣe àdúrà kékeré o. Wọ́n á gbàdúrà fún ọjà, wọ́n á gbàdúrà fún Bọ́lá, wọ́n á gbàdúrà fún ojú títì. Tí wọ́n bá wá ṣe tán, ìmọ̀ràn ló kàn. Blouse yìí ti ṣí jù, mi ò gbọ́dọ̀ jókòó ti ọkùnrin nínú bọ́ọ̀sì. Màá máa ṣe Àmín, Àmín. Tí n bá fi máa dé Òṣòdì, customer ti lọ."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ti tò sí ẹnu mi. Ẹ má bínú, ìyá yín ni wọ́n, ìfẹ́ ni, wọ́n ti dàgbà. Ṣùgbọ́n mo mọ àdúrà yẹn. Mo ti dúró nídìí géètì yẹn rí, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, tí àkókò kóòtù ń kọjá lọ. Ojú tì mí, ìtìjú yẹn ló sì pa mí lẹ́nu mọ́. Nítorí pé mo dákẹ́, Ìyá Bọ́lá kò dúró níbi tí àwọn tó kù máa ń dúró. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, gbogbo ènìyàn ló ń gbàdúrà fún òun, kò sẹ́ni tó ń béèrè bí ọjà ṣe rí. Ó ní wọ́n ti sọ òun di ọmọdé. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́.

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, Mà?"

"Kọ́kọ́rọ́ tèmi. Mi ò fẹ́ kóòtù, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Mo kàn fẹ́ máa jáde nílé mi bí àgbàlagbà."

Mo wá sọ fún un ohun tí ìwé òfin kọ́ mi, pé agbẹjọ́rò kò gbọ́dọ̀ gba ẹjọ́ tó bá kan ìyá rẹ̀. Mo ní tó bá fẹ́ lọ́yà mìíràn, mo mọ̀ wọ́n ní Òṣòdì. Mo sì fi dá a lójú pé ohun tó bá mi sọ kò ní jáde lẹ́nu mi. Ó ní kò burú, pé bí òun ṣe rí i sọ jáde yẹn, òun lè tún un sọ fún Màmá fúnra òun.

Ó sì sọ ọ́. Nídìí géètì ni, kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́rọ́ tòun, pé òun ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Màmá bi í pé lọ́yà wo, Ìyá Bọ́lá sì dá a lóhùn pé ọmọ yín.

Màmá kì í pè mí níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó pè mí, mo dìde dúró kí n tó gbé fóònù.

"Ṣé òótọ́ ni pé o gba ẹjọ́ mọ́ mi?"

"Mi ò gbà á, Mà."

"Kí ni Ìyá Bọ́lá bá ẹ sọ nípa mi?"

"Màmá, mi ò lè sọ. Ohun tí oníbàárà bá sọ fún mi, mi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn."

"Èmi tí mo bí ẹ ni ẹlòmíràn?"

Ó gé fóònù. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè mi mọ́. Ìyá Bọ́lá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé Màmá ti fún òun ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n wọ́n na ọwọ́ jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni, wọn ò jáde. Lọ́jọ́ Sunday, kò sí ìjókòó ní kọ́rídọ̀. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì lọ, mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀, mo sunkún. Helen ní ohun tó yẹ kí agbẹjọ́rò ṣe gan-an ni mo ṣe. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré, Màmá ni mo máa ń sọ gbogbo nǹkan fún, pàápàá ohun tí wọ́n bá ní kí n má sọ. Ó dùn mí pé iṣẹ́ tí mò ń kọ́ nítorí rẹ̀ ló mú kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ sí ìdánwò láì gbọ́ àdúrà rẹ̀. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Obìnrin arúgbó kan ni wọ́n gbé síwájú mi lọ́tẹ̀ yìí, irun rẹ̀ funfun, ó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin ń gbé pẹ̀lú òun, òun sì fẹ́ lé e jáde nílé. Nínú mi lọ́hùn-ún, lọ́yà Òṣòdì ti dìde, ó ti fẹ́ pe ọmọ náà, ó ti fẹ́ ra mínírà. Mo di tábìlì mú. Mo ní kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ títí, ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Nígbà tí ó yá, mo bi í ní ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ó wò mí. Ó ní ká sòótọ́, kì í ṣe lílé ni òun fẹ́ lé e. Ilé náà ni òun fẹ́ tà, kí òun lọ máa gbé lẹ́bàá òkun pẹ̀lú àbúrò òun, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gbà pé òun ò lè dá nǹkan kan pinnu mọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń sanwó fún un láti sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Ìyá Bọ́lá ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo sì fi gbogbo ara gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo tó sọ ohun tí òfin wí.

Mo yege. Ọjọ́ tí èsì jáde, Helen pariwo débi pé àwọn tó wà ní ọ́fíìsì kejì wá wò wá, èmi sì pe orúkọ rẹ̀ láì wúkọ́. Mo bọ́ síta, mo pe Màmá. Mo ti ń múra láti gé e nígbà tó gbé e.

"Màmá, mo yege."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣókí, Màmá tí ìdúpẹ́ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n á jẹ́ kí n máa gbé ibẹ̀ báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì tí kò mọ ibi tó máa jókòó sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, lọ́yà, mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbọ́."

Ìyá mi kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo fẹ̀yìn ti ògiri ọ́fíìsì.

"Ta lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́, Mà?"

"Ọmọ mi kan ni. Ó wà lókè òkun."

Mo mọ òfin. Mo la ẹnu láti sọ fún un pé mi ò lè gba ẹjọ́ yẹn, ó ní òun ò tíì sọ tán. Mo pa ẹnu mọ́. Ó ní ọmọ náà kò burú, ó máa ń pe òun dáadáa. Ó ní ìdánwò kan ló fẹ́ ṣe, òun sì ń kó àwọn ará bílọ́ọ̀kù jọ fún un ní gbogbo Sunday.

"Mo mọ̀ pé tó bá fìdí rẹmi, á padà wálé. Mo mọ̀ pé tó bá yege, kò ní wá mọ́. Èmi ni mo sì ń to àga fún wọn."

Ojú mi ti kún fún omi. Àwọn òyìnbó ń kọjá níwájú mi, wọ́n sì ń wo ibòmíràn.

"Kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, Mà?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn, mi ò sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo fẹ́ kó wá jẹun nílé mi. Mi ò ní kó dúró. Kó ṣáà wá jókòó kí n rí i níbi tó ti ń jẹun."

Mo ní mi ò lè gba ẹjọ́ náà, torí ó kàn mí. Ó ní òun mọ̀. Ó ní tí mi ò bá lè gbà á, kí n kàn bá òun jẹ́ iṣẹ́ náà fún olùjẹ́jọ́.

"Ó ti gbọ́, Mà," mo wí. "Ó ní òun ń bọ̀."